Human Kinetics, Physiotherapy, Physiology tàbí NIS: èwo ló bá yín mu?

Bí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde, àwọn ọmọ tó fẹ́ràn eré ìdárayá á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè kiri. Wọ́n fẹ́ mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ènìyàn bá ń sáré, wọ́n fẹ́ máa bá àwọn eléré ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tí wọn yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù. Èsì tí àwọn àgbà sábà máa ń fún wọn ni pé, "Kọ Physiotherapy, bí wọn ò bá mú ọ, gba Human Kinetics." Ìmọ̀ràn yẹn máa ń dùn mí, nítorí pé ó ti sọ ẹ̀kọ́ kan tó dára di àkìtàn tí wọ́n ń kó ẹni tí wọn ò mú sí. Ọmọ tó bá gba ọ̀nà yẹn wọlé á lo ọdún mẹ́rin pẹ̀lú ìbànújẹ́. Kò ní fi gbogbo ọkàn lọ sí láàbù, kò ní wá ìwé ẹ̀rí mìíràn kún tirẹ̀, á sì jáde láìmọ ohun tó lè fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà nílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìdárayá nílẹ̀ Yorùbá: Human Kinetics, Physiotherapy, Physiology, àti ẹ̀kọ́ kóòṣì ní National Institute for Sports, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní NIS. Òkè òkun ni ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìwé àṣẹ ni mo fi síwájú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá parí, kí ni òfin gbà yín láyè láti ṣe sí ara ọmọlákejì yín? Ìbéèrè yìí ni àwọn ọmọ kì í bèèrè títí wọ́n á fi dé ọdún tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òun ló pín àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí níyà jù lọ.

Lẹ́yìn náà ni iye ọdún, kí ẹ sì ka gbogbo rẹ̀ pọ̀: ọdún yunifásítì, ọdún ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn bó bá wà, àti ọdún àgùnbánirọ̀. Ẹ má gbàgbé ìyanṣẹ́lódì. Ti ASUU lọ́dún 2020 gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 sì gba oṣù mẹ́jọ. Bí ẹ̀kọ́ bá ṣe gùn tó ni ó ṣe rọrùn tó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ká ènìyàn mọ́ inú rẹ̀.

Owó tún wà níbẹ̀. Owó ilé-ìwé tí wọ́n kọ sára pátákó kọ́ ni mo ń sọ nìkan. Owó yàrá, owó oúnjẹ, owó ìwé àti owó ọkọ̀ fún gbogbo ọdún tí ẹ máa lò ló ń pọ̀ jù. Ọ̀nà ìwọlé náà ṣe pàtàkì, ìyẹn sọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń bèèrè àti bí èrò ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìkẹyìn, irú ènìyàn wo ni yín? Ṣé aláìsàn ni ẹ fẹ́ dúró tì kó lè dìde, àbí ẹni tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ ni ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ kó lè le sí i?

Human Kinetics

Òun gan-an ni ìmọ̀ ìdárayá tí àwọn ará òkè òkun ń pè ní exercise science tàbí kinesiology. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní UNILAG àti ní Ìlọrin, abẹ́ Faculty of Education ló wà, orúkọ ẹ̀kọ́ náà sì máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ọdún mẹ́rin ni fún ẹni tó gba JAMB wọlé. Ẹni tó ti ṣe NCE nínú Physical and Health Education lè gba Direct Entry, kó sì lo ọdún mẹ́ta.

Nǹkan tí wọ́n ń kọ́ pọ̀ ju bí àwọn tó wà níta ṣe rò lọ. Wọ́n ń kọ́ nípa eegun, oríkèé àti iṣan. Wọ́n ń kọ́ bí ara ṣe ń pèsè agbára nígbà eré ìdárayá, ìṣirò agbára tó ń bá ẹsẹ̀ bí ènìyàn bá fò sókè tó sì balẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìgbésẹ̀ tuntun, oúnjẹ eléré, àti ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹni tó fẹ́ díje. Wọ́n tún máa ń bọ́ sórí pápá: eré sísá, bọ́ọ̀lù, odò wíwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìdánwò kan tí wọ́n ń kọ́ nínú ìmọ̀ yìí kí ẹ lè rí i kedere. Wọ́n á gbé àpótí onígi kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 41.3 sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á máa gùn ún, á sì máa sọ̀ kalẹ̀, ìgbà 24 láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, ìgbà 22. Ẹ̀rọ kékeré kan á máa dún kọ́-kọ́-kọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yá jù tàbí kó falẹ̀. Bó bá ti dúró, ẹnìkejì rẹ̀ á fi ìka méjì sí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, láti ìṣẹ́jú àáyá karùn-ún títí dé ogún ni yóò sì fi ka bí iṣan ṣe ń lù. Ká ní ó ka 38. Wọ́n á fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di 152. Wọ́n á fi 0.42 sọ ìyẹn náà di púpọ̀, wọ́n á wá yọ ohun tó bá jáde kúrò nínú 111.33. Ohun tó máa ṣẹ́ kù á jẹ́ nǹkan bí 47.5. Ìyẹn ló ń fojú díwọ̀n iye mílílítà ọ́síjìn tí kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan lára ọmọ náà lè lò láàárín ìṣẹ́jú kan bó bá sa gbogbo agbára rẹ̀. VO2 max ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wo ohun tí wọ́n lò: àpótí, aago, ìka méjì àti ìṣirò. Olùkọ́ kan tó mọṣẹ́ lè ṣe é nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìkàrẹ́ láìsí iná mànàmáná. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lórílẹ̀-èdè tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ ilé gbogbo, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ń sọ pé ó kéré tán kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó mú ara gbóná díẹ̀, a nílò àwọn tó lè sọ fún ìyá ọlọ́jà ní Bódìjà bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tó yẹ kó dúró, àti ìgbà tó yẹ kó lọ rí dókítà.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni ìwé àṣẹ. Ẹni tó parí Human Kinetics lábẹ́ Faculty of Education lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ìyẹn sì dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé àṣẹ tó gbà á láyè láti tọ́jú ẹni tó fara pa tàbí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Òun lè ṣètò ìdárayá fún ẹni tí dókítà ti ní kó máa ṣe é. Kò lè sọ ara rẹ̀ di físíò, ìyẹn ẹni tó kọ́ Physiotherapy. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn jíìmù ní Èkó, wọ́n á máa fa ọrùn àwọn ènìyàn, wọ́n á máa tẹ ẹ̀yìn wọn. Ó léwu fún ẹni tó wà lábẹ́ ọwọ́ wọn, ó sì ń ba orúkọ ẹ̀kọ́ náà jẹ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ ní àjọ eré ìdárayá ìpínlẹ̀, iṣẹ́ kóòṣì, jíìmù, àwọn ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù, àti ètò ìlera fún òṣìṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Èyí tó pọ̀ nínú wọn kì í wá bá ènìyàn nílé. Ẹni tó bá ń lọ sí Human Kinetics gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí yunifásítì yẹn jẹ́ ìpìlẹ̀ tí òun yóò kọ́ nǹkan lé. Kí ó ti máa wá ìwé àṣẹ kóòṣì ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni tirẹ̀. D ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa gòkè lọ sí C, B àti A. Bó bá jẹ́ pé fífún eléré lágbára ló wù ú, ìwé ẹ̀rí CSCS ti NSCA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fún eléré lágbára ní Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀, ẹni tó ní oyè yunifásítì ni wọ́n sì ń fún. Owó dọ́là ni wọ́n fi ń ṣe é, kí ẹ tètè máa tọ́jú owó sílẹ̀.

Ní ti owó ilé-ìwé, bí ẹ bá lọ sí ti ìjọba, òun wà lára àwọn tí kò wọ́n jù. Ẹ ra bàtà eré tó dára àti aṣọ pápá, kí ẹ sì kọ́ odò wíwẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀ bó bá ṣeé ṣe.

Physiotherapy

Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1966. Wọ́n tún ń kọ́ ọ ní OAU ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pe ẹ̀ka náà ní Medical Rehabilitation, àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn UNILAG ní Ìdí-Àràbà.

Ìwé àṣẹ ni agbára rẹ̀. Òfin ọdún 1988 ló dá ìgbìmọ̀ MRTB sílẹ̀, ìgbìmọ̀ yẹn ló sì ń forúkọ àwọn físíò sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nígbà tí ẹ bá jáde, ọ̀nà tó mọ́ ni ẹ ó gbà: ilé ìwòsàn ìjọba, ilé ìwòsàn aládàáni, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, tàbí kí ẹ ṣí tiyín bó bá yá.

Ẹ má rò pé eléré ni ẹ ó máa rí lójoojúmọ́. Bí ẹ bá dé ẹ̀ka físíò ní UCH Ìbàdàn tàbí ní ilé ìwòsàn ńlá èyíkéyìí, àwọn tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni bàbá tí rọpárọsẹ̀ mú lápá kan, ìyá tí ẹ̀yìn ń dùn, ọmọ kékeré tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró, àti ọlọ́kadà tó ṣẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú láti dìde lórí àga. Físíò á ní kó sún ìdí rẹ̀ bọ̀ síwájú àga, kó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n wà lẹ́yìn orúnkún, kó wá tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ á fi kọjá ìka ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìdí máa tó gbéra. Wọ́n lè ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò bọ́ sí i. Físíò á tún padà wá lọ́la. Ẹni tí sùúrù rẹ̀ kò bá gba irú iṣẹ́ yẹn, tó jẹ́ pé ariwo pápá ìṣeré nìkan ló ń wù ú, yóò sú u.

Ọdún mélòó? Márùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ti fọwọ́ sí ètò tuntun, DPT (Doctor of Physiotherapy), tó jẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà, ẹ sì gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ yunifásítì tí ẹ ń lọ èwo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, kí àgùnbánirọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọdún méje sí mẹ́jọ ni bí nǹkan kan ò bá dá yín dúró. Ọ̀pọ̀ ló sì máa ń dúró lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá kí wọ́n tó rí ilé ìwòsàn tí yóò gbà wọ́n fún ìkọ́ṣẹ́, nítorí àyè kì í tó. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò yín, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ ní àbúrò tó ń dúró de owó ilé-ìwé.

Ìwọlé rẹ̀ le. English, Biology, Chemistry àti Physics ni ti JAMB, kírẹ́díìtì nínú Maths àti àwọn mẹ́rin yìí sì gbọ́dọ̀ pé nínú WAEC. Èrò pọ̀, nítorí àwọn tó fẹ́ ìṣègùn tí máàkì wọn kò tó náà ń rọ́ wá síbẹ̀.

Àǹfààní kan tún wà tí àwọn òbí máa ń rò: iṣẹ́ yìí ń kọjá odò. Ní Gẹ̀ẹ́sì, HCPC ló ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á yẹ ìwé ẹ̀rí ènìyàn wò, á sì ṣe ìdánwò NPTE. Ọ̀pọ̀ físíò tó jáde nílé ló ti gba ọ̀nà yìí lọ.

Physiology

Ọdún mẹ́rin, B.Sc., abẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ìpìlẹ̀. Wọ́n á kọ́ yín nípa ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, ọpọlọ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan jinlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nínú Human Kinetics lọ. Ní láàbù, iṣan ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi iná díẹ̀ tọ́ láti wo bó ṣe ń sún kì. Ìtàn ìmọ̀ ìdárayá gan-an kún fún irú àwọn bẹ́ẹ̀: Archibald Hill gba ẹ̀bùn Nobel ọdún 1922 lórí ooru tí iṣan ń mú jáde.

Ṣùgbọ́n kò sí aláìsàn, kò sí pápá, kò sì sí ìwé àṣẹ tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ lára ẹnikẹ́ni. Ìwádìí àti iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni ó mọ́ jù fún, ìyẹn sì ń bèèrè M.Sc. àti Ph.D. Àwọn tó ń lò ó láti dúró de ìṣègùn pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn ìwé àti ìwádìí tinútinú, ẹ fi sílẹ̀.

NIS

Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, ni ilé NIS wà. Kóòṣì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe oyè yunifásítì. Àkókò rẹ̀ kúrú, ohun tí wọ́n ń kọ́ sì lọ tààrà sí iṣẹ́: bí a ṣe ń ṣètò ìdánrawò, bí a ṣe ń tún àṣìṣe eléré ṣe, òfin eré. Fún ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ti sáré fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì fẹ́ di kóòṣì, n kò mọ ohun tó tún fẹ́ máa wá kiri. Ẹni tí kò tíì ṣeré ìdárayá kan dójú àmì, tó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kí ó lọ yunifásítì ná. Ìwé ẹ̀rí NIS dára púpọ̀ lórí oyè Human Kinetics. Bó bá dá dúró, àwọn iṣẹ́ tó ń bèèrè oyè yunifásítì yóò máa kọjá lórí ẹni tó ni ín.

Òkè òkun

Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta ni BSc Sport and Exercise Science, mẹ́ta náà sì ni Physiotherapy ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn. Físíò ní ìforúkọsílẹ̀ tí òfin dáàbò bò, ẹni tó kọ́ Sport Science kò ní. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin ni Exercise Science, ẹni tó bá sì fẹ́ di físíò á tún ṣe DPT ọlọ́dún mẹ́ta lé e. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò pọ̀ gan-an. Ọ̀nà kan tó dín in kù ni kí ẹsẹ̀ yín fúnra rẹ̀ san án: Tóbi Amùsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú tó sáré 100m hurdles, eré tí wọ́n ti ń fo igi, ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene lọ́dún 2022, University of Texas at El Paso ló ti sáré fún yunifásítì. Ẹni tí máàkì eré rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀, kí kóòṣì rẹ̀ kọ̀wé sí wọn. Àwọn ìyókù, ẹ ṣe oyè àkọ́kọ́ nílé, kí ẹ wá ẹ̀kọ́ọ̀fẹ́ fún èkejì.

Ta ni kó mú èwo?

Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń ṣàìsàn ló ń mú yín lọ́kàn, tí sáyẹ́ǹsì yín dúró dáadáa, tí ilé yín sì lè gbé ọdún mẹ́jọ, Physiotherapy ni. Ẹ má lọ síbẹ̀ nítorí Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ ilé-ìwé, eléré àti àwọn ará àdúgbò tí ara wọn ṣì le ni ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́, tí ẹ lè dìde wá iṣẹ́ fúnra yín, ẹ kọ Human Kinetics sí àyè àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù yín, kì í ṣe ìkejì. Olùkọ́ tó ní NCE, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun gan-an ni Direct Entry rẹ̀ bá mu jù. Ẹni tó fẹ́ràn láàbù ju ènìyàn lọ, kó lọ ṣe Physiology. Eléré tó ti ń dàgbà, kó gba NIS lọ.

Bí owó bá ṣe díẹ̀, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún owó ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́, ń yá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba lówó láìsí èlé, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni ìsanpadà ń bẹ̀rẹ̀. Ti aládàáni kò sí nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbìyànjú ti ìjọba ṣáájú.

Fún ẹni tí kò tíì lè pinnu, ohun kan ṣì wà tí ẹ lè ṣe kí JAMB tó pa fọ́ọ̀mù dé: ẹ mú Biology, Chemistry àti Physics pẹ̀lú English. Mẹ́rin yìí ni Physiotherapy àti Physiology ń bèèrè, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì máa ń gbà á fún Human Kinetics pẹ̀lú. Ẹ yẹ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB wò fún yunifásítì tí ẹ ń lọ gan-an, nítorí ibì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bí ẹ bá fi Government tàbí CRS rọ́pò Physics, Human Kinetics ṣì lè ṣí sílẹ̀ fún yín níbì kan, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn Physiotherapy ti tì lọ́dún yẹn.